Ilẹ̀ Tó Gba Ibi Ọmọ

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí Tíṣà Fálùyì kan ilẹ̀kùn ọgbà wa. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, ọjọ́ tí ìjọba ológun pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé kí wọ́n tún àyíká ṣe títí di aago mẹ́wàá. Aago mẹ́wàá ti kọjá, a ti kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà síta, ó ń rùn lẹ́bàá ọ̀nà. Oyún inú mi ti wúwo, nítorí náà mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, mò ń yọ òkúta nínú ẹ̀wà. Tíṣà ní kí n gbé e sílẹ̀, kí n lọ kó àwọn obìnrin jọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọ Ìkọ̀tún.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún tí àwọn ológun ń ṣèlérí pé àwọn máa gbé ìjọba fún alágbádá ni mò ń sọ. Àwọn fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀, wọ́n ní kí a mú ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ̀ka sórí bébà lónìí, ó lè ṣòro fún yín láti gbà bí a ti ń dìbò nígbà náà. Kò sí bébà, kò sí àpótí. Wọ́n á gbé àwòrán olùdíje kọ̀ọ̀kan dúró ní gbangba pápá, ìwọ á lọ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí o fẹ́, òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò á sì máa ka orí yín. Onílé rẹ á rí ọ. Ọ̀gá rẹ á rí ọ. Àna rẹ náà á rí ọ. Wọ́n ní nítorí àtidènà èrú ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́.

Ipò káńsẹ́lọ̀ ni Tíṣà ń dù. Ọmọ Èkìtì ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ìkọ̀tún ní ìwé kíkà, débi pé àwọn kan tó kọ́ ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Ẹni tó ń bá a du ipò ni Jímọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n onílé wa, Alhaji Láwànì. Ìdílé Láwànì ló ni ilẹ̀ tí ó pọ̀ jù ní àdúgbò wa. Wọn kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí Tíṣà lẹ́sẹ̀ ju pé àlejò ni. Àwa ayálégbé, tí a wá láti Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Ọwẹ́rrì àti ibi gbogbo, ni a wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò lè sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, àyà mi máa ń já, ṣùgbọ́n mo lè lọ láti ojúlé dé ojúlé. Èmi ni mo ń bá ẹgbẹ́ wa kó àwọn obìnrin jọ.

N kò ní dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí ó ní àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ní rédíò nígbà náà tí kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bèèrè ohun tó ń sọ ènìyàn di ọmọ orílẹ̀-èdè: ṣé èdè ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé àṣà ni? Ó máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá tó dùn, kò ní fi èdè òyìnbó dẹ́rù bà ọ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á fi jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹyọ kan ló wọ ara wa jù lọ: ilẹ̀ tó gba ibi ọmọ ni ilẹ̀ ọmọ.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa. Bí obìnrin bá bímọ, bàbá ọmọ á gba ibi ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, á gbé e wálé, á rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà. A kì í jù ú nù, a kì í sì fi í sílẹ̀ fún ajá. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹni ẹlẹ́ni ni o ń gbé, wàá kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Kò sí onílé tó máa ń kọ̀. Nígbà tí mo bí Bọ́lá, àkọ́bí mi, ìdí igi gúáfà lẹ́yìn ilé ni ọkọ mi ri tirẹ̀ mọ́, Alhaji fúnra rẹ̀ ló sì yá a ní ọkọ́. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ó dà bí ẹni pé ó wọ inú ọgbà wa wá wò ó.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni a ti dúró dè é lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ti kọ́kọ́ lọ kí ìdílé Láwànì nílé wọn, nítorí àlejò tí kò bá kí onílẹ̀ kò mọ ìwà hù. Gbogbo wa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìkíni yẹn gùn. Màmá Chídì, aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Ọwẹ́rrì tí Yorùbá rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ, tẹ̀ sí mi létí, ó ní ẹni tó ń bọ̀ wá gbèjà wa ti ń jẹun nílé ẹni tó ń bá wa jà. Mo ní kó panu mọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, áńkáṣíìfù ló fi ń nu ẹnu, Alhaji sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Ó ní Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó sínú àpótí fi sílẹ̀ fún wa, ó ní ohun tí a ń fi ọwọ́ wa mọ lójoojúmọ́ ni. Ó ní bí ẹni tó kọ́kọ́ dé bá ń pe ẹni tó dé tẹ̀ lé e ní àlejò, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe àlejò ní gbogbo Èkó. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ibi ọmọ kádìí rẹ̀. Àwọn ènìyàn dìde dúró. Omi lé sí Tíṣà lójú.

Ìgbà náà ni Alhaji Láwànì na ọwọ́. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ilẹ̀ wo ló gba tiyín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ìlú mi ni, Alhaji. Ibẹ̀ náà ni mo sì máa ń lọ dìbò."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn wa pàápàá. Èmi ń wo Alhaji. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ohun tó wá rà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi bóyá wọ́n ti jọ sọ ìbéèrè náà àti ìdáhùn rẹ̀ nínú pálọ̀ kí wọ́n tó wá. N kò ní ẹ̀rí. Nígbà tí a ń darí sílé mo sọ fún Tíṣà pé ìdáhùn yẹn lè ṣe wá ní jàǹbá. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ̀yin náà ẹ máa ń fura jù. Àwàdà ni jàre." Mo ní páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Ó ní kí n jẹ́ kí a gbádùn ọjọ́ òní ná.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n di orin wa. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri láti Ìkọ̀tún dé ọ̀nà Igando. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi kí ara wọn: ọ̀kan á ní "Ilẹ̀ tó gba ibi ọmọ," èkejì á ní "Ilẹ̀ ọmọ ni." Bí mo bá dé ojúlé, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ àti gọ́tà ni mo máa ń bá àwọn obìnrin sọ, ṣùgbọ́n àwọn náà á ti fi orin yẹn dá mi lóhùn kí n tó jókòó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Alhaji pe gbogbo ayálégbé rẹ̀ jọ sí iwájú ilé. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ri ibi ọmọ mọ́ inú ọgbà òun. Ọkọ mi rò pé ó ń ṣeré.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ yá mi ní ọkọ́ nígbà ti Bọ́lá."

"Nígbà yẹn, ibi ọmọ ni mo mọ̀ ọ́n sí," ni Alhaji wí. "Ní báyìí ẹ̀yin lẹ sọ pé ilẹ̀ tó bá ti gbà á, tiyín ni. Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ilé mi fún yín ni?"

"Ọ̀rọ̀ orí rédíò nìyẹn, sà."

"Bàbá Bọ́lá, adájọ́ náà ń gbọ́ rédíò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tó parí, àwọn onílé mìíràn ti ń tẹ̀ lé e. A gbọ́ pé ọkùnrin kan gbé ti ọmọ rẹ̀ dé Ìṣẹ̀rí-Olófin kó tó ríbi rì í mọ́, lẹ́bàá odò, bí ẹni tó ń sin ohun tó jí. Oyún mi ń dàgbà, mo sì ń wo igi gúáfà láti ojú fèrèsé. Ohun tí ń já mi láyà kì í ṣe ìrora ìbímọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo bí Ṣọlá, nílé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command, agbẹ̀bí fi ibi ọmọ sínú ike onídèérí, ó gbé e fún ọkọ mi. Nígbà tí a délé, Alhaji ti gbé àga sí ìdí igi gúáfà. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń kà. Ó kí wa kú ewu ọmọ, ó wúre fún ọmọ, kò sì dìde. Ọkọ mi yí padà pẹ̀lú ike lọ́wọ́, ó gba ilé Tíṣà lọ. Onílé Tíṣà náà ti fòfin dè é. Tíṣà ní kí wọ́n lọ rì í mọ́ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ ìjọba ni ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ọmọ ìjọba ni mo bí ni, Tíṣà?"

Ó gbé e padà wálé. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń mu ọyàn, ike náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwa méjèèjì ò lè wojú ara wa. Ooru mú. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò tíì rì í, yóò máa bàjẹ́ lọ níwájú wa.

Ẹni tó wọlé wá kí wa ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Alhaji. Ilé ńlá ìdílé wọn ló ń gbé, kò jìnnà sí wa. Ó gba ọmọ, ó wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá bèèrè ibi ọmọ. Ọkọ mi fi ojú júwe ike. Ìyá Àgbà wo ojú fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àga. Ó dá ọmọ padà fún mi, ó gbé ike náà, ó fi ìborùn bò ó, ó bá ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Ọkọ mi fẹ́ tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ dá a dúró. Nígbà tó padà, erùpẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti wọlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo dúpẹ́, mo sọkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí omijé gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Jímọ̀. Kí ló dé tí ẹni tó ní olùdíje nílé á fi ṣe irú oore yìí fún ẹni tó ń bá olùdíje mìíràn kó obìnrin jọ? Màmá Chídì tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ṣọ́ra o. Ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n máa wá gbà á padà lọ́wọ́ ẹ."

Ọjọ́ ìdìbò pé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Mo pọn Ṣọlá, mo tò sẹ́yìn àwòrán Tíṣà. Ìlà tiwa gùn ju tiwọn lọ, ojú lásán ti rí i. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga níwájú ìlà Jímọ̀, Alhaji dúró tì í. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò wà lábẹ́ agboòrùn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Nígbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Jímọ̀ wá bá ìlà wa. Wọn kò mú igi, wọn kò mú ìgò. Wọ́n ń kí wa kú ìdúró. Tíṣà ni wọ́n kọ́kọ́ dúró tì.

"Tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ wo ló gba ibi yín?"

Tíṣà wò wọ́n. Ọkùnrin tí kì í parọ́ ni, àwọn tó kọ́ ní ìwé ló sì ń bi í.

"Adó ni," ni ó wí.

"Ilẹ̀ tó gba ibi ọmọ ńkọ́, sà?"

Àwọn fúnra wọn ló dáhùn: "Ilẹ̀ ọmọ ni." Wọ́n wá ní kó máa lọ síbẹ̀ lọ dìbò, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ńkọ́? Ọ̀fà. Ìwọ? Ìlá. Ìwọ? Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò sí àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Ìkọ̀tún nínú wa, àwọn ọmọ wa ni wọ́n bí síbẹ̀, àwọn ọmọ kò sì tíì tó ìbò dì. A ti kọ orin yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a kò ronú kàn án pé kì í ṣe àwa ló ń kì. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan yọ kúrò, ó ní òun ń lọ mu omi. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ìlà fi já ní àárín. Tíṣà sáré lọ bá òṣìṣẹ́ abẹ́ agboòrùn pé òfin kò gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ta ló lé yín? Mi ò rí ẹni tí wọ́n lé."

Màmá Chídì ló wà níwájú mi. Ó ní, "Ọwẹ́rrì ni tèmi wà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé ibi ọmọ ló fẹ́ dìbò ni? Èmi alára rèé, mo dúró." Ó sì tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n kàn mí.

Mo ní, "Abẹ́òkúta ni tèmi. Ti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi wà nílé ńlá yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alhaji rìn wá, ó dúró síwájú mi. "Ìyá Bọ́lá, má parọ́ mọ́ ilé wa."

Ìyá Àgbà ni mo ń wò, gbogbo ènìyàn sì yíjú sí i. Mo rò ó lọ́kàn pé ibi tí wọ́n máa gbà á padà rèé.

"Èmi ni mo rì í," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró."

Alhaji wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi, ó padà sí ipò rẹ̀. Ìyá Àgbà kò kúrò ní ìlà Jímọ̀. Wọ́n kà mí, wọ́n ka Màmá Chídì, wọ́n ka àwọn díẹ̀ tó kù. Jímọ̀ wọlé.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí a jèrè, díẹ̀ ni. Wọ́n pa ìdìbò orí ìlà tì nígbẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí tiwa. Tíṣà kò díje mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Àwa kó kúrò nílé Alhaji kó tó di pé ó lé wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn ènìyàn wa ṣì ń fi ẹ̀yà dìbò dípò èrò. Kò sọ nǹkan kan nípa ìdáhùn tó fún Alhaji. Nígbà tí àwọn ológun wá fagi lé ìbò ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè dì, tí táyà ń jó lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún, a ṣí rédíò láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí àṣà. Ẹnu ya Màmá Chídì. Kò ya èmi.

Mo bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn náà, ní ibi àpérò kan ní Ìkẹjà. Mo bi í ní ohun tí wọ́n jọ sọ ní pálọ̀ Alhaji Láwànì. Ó fara balẹ̀ ronú, ó ní pálọ̀ tí òun ti wọ̀ ti pọ̀ jù, òun kò rántí ìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, ó burú ju ohun tí mo fura sí lọ.

Gbèsè ibẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ṣọlá ti di ọkùnrin. Ìkọ̀tún ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wáṣẹ́ ìjọba, wọ́n á bi í ní ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ ju ìgbà Kérésìmesì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹnìkan bá fún yín ní ọ̀rọ̀ dídùn láti fi jà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa dúró lọ́jọ́ ìjà.

Ṣáájú kí Ìyá Àgbà tó kú, mo gbọ́ pé ìdílé ń ta ilẹ̀ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti pé wọ́n máa wó ilé ńlá fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ kí i. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti kúnlẹ̀ kí i ló dárúkọ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bèèrè Ṣọlá, ó bèèrè Bọ́lá, ó ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní ọjọ́ tó bá mi ri ibi ọmọ Ṣọlá, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, n kò mọ ojú ibẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ kó júwe rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀.

Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

"Kí lo fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe? Ṣé o fẹ́ sọ pé ilẹ̀ ọmọ ni?"